Ta Ló Ń Sanwó Ẹ̀wà Tí Àgùnfọn Jẹ?



Bí ẹ bá dé Grand Marché, ọjà ńlá ìlú Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger, ẹ ó rí ẹ̀wà nínú àpò, ẹ ó sì rí máńgòrò bí àsìkò rẹ̀ bá dé. Ní agbègbè Kouré, nǹkan bíi kìlómítà 60 sí Niamey lójú ọ̀nà Dosso, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní oníbàárà kan tí kì í sanwó: àgùnfọn.

Àgùnfọn wọ̀nyí kò sí nínú ọgbà, kò sí wáyà tó yí wọn ká. Lásìkò òjò, orí ilẹ̀ gíga Kouré ni wọ́n máa ń wà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Dallol Bosso, níbi tí oko àti igi máńgòrò wà. Igi tí wọ́n ń gé fún igi ìdáná tí wọ́n ń tà ní Niamey náà sì ń dín oúnjẹ wọn kù nínú igbó. Ní 1996, 49 péré ló ṣẹ́kù nínú irú àgùnfọn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yìí. Lónìí, wọ́n ti lé ní 600.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Òfin ìjọba Niger kọ̀ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n. Lọ́dọọdún, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ ASGN máa ń fi fọ́tò kà wọ́n, torí pé àwọ̀ ara àgùnfọn kan kì í bá ti èkejì mu, bí ìtẹ̀ka àwa èèyàn. Ọgbà ẹranko Bioparc ní Doué-la-Fontaine, ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó ń fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí irú àgùnfọn Niger yìí nínú ọgbà ẹranko kankan láyé. Àyẹ̀wò DNA tí wọ́n gbé jáde ní 2007 fi hàn pé irú mìíràn ni àwọn tí wọ́n rò pé ó jẹ́ tiwọn ní Yúróòpù. Síbẹ̀, owó dé Kouré, apá kan rẹ̀ di kànga, apá kan di owó yíyá kékeré fún àwọn obìnrin abúlé.

Ní November 2018, ìjọba Niger, Giraffe Conservation Foundation àti Sahara Conservation Fund fi ọkọ̀ akẹ́rù kó 8 lára wọn lọ sí Gadabedji, ìrìn tó ju kìlómítà 800 lọ.

Owó àwọn arìnrìnàjò afẹ́ kò ṣeé gbára lé. Ní August 2020, àwọn agbébọn pa èèyàn 8 ní Kouré.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Gbogbo ayé ló ń jèrè àgùnfọn, àgbẹ̀ kan ṣoṣo ló ń pàdánù ẹ̀wà. Kànga dára, ṣùgbọ́n abúlé tí kànga dé lè má jẹ́ ibi tí wọ́n ti jẹ oko run. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ètò náà kù sí.

Ẹ̀yin tí erin ń wọ oko yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹ má lé e, ẹ má dẹ pàkúté. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ fi fóònù ya ipasẹ̀ rẹ̀ àti ohun tó bàjẹ́ kí ẹ tó tún oko ṣe. Fóònù á tọ́jú ọjọ́ àti àkókò. Ẹ ka iye ebè tó lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi han òṣìṣẹ́ igbó ìjọba. Bí ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko bá pe ìpàdé sí abúlé yín, ẹ gbé àkọsílẹ̀ náà dání, kí ẹ sì béèrè iye tó máa dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n jẹ oko rẹ̀.