Ẹyin Artemia: Oúnjẹ Àkọ́jẹ Ọmọ Ẹja Àrọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Pa Á Nínú Ilé

Ẹja àrọ̀ sísìn kì í ṣe iṣẹ́ tuntun mọ́ láàárín wa ní Mọ́lété àti ní àwọn àdúgbò tó yí i ká. Táńkì onírọ́bà kan lẹ́yìnkùlé, kànga tàbí bọ̀húùlù kan, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Owó ilé-ìwé ọmọ lè ti ibẹ̀ jáde, ẹja tí a ó fi ṣínu nínú Ramadan náà lè ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ máa pa ọmọ ẹja fúnra rẹ̀, dípò kó máa ra fíńgálíńsì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ló máa mọ̀ pé gígún ìyá ẹja ní abẹ́rẹ́ kọ́ ló le jù, fífún ẹyin rẹ̀ jáde kọ́. Ọjọ́ kẹta tí àwọn ọmọ ẹja bá ti jáde látinú ẹyin ni wàhálà dé. Kí ni wọ́n máa jẹ?

Àwa náà ti jìyà rẹ̀ rí. A fún ẹyin ìyá ẹja, ẹyin náà pa dáadáa, ọmọ ẹja kún inú ọpọ́n. Ní ọjọ́ kẹta, a ṣí agolo Artemia kan tó ti wà nílé látọjọ́ pípẹ́, a dà á sínú omi iyọ̀, a ń retí. Ilẹ̀ mọ́, kò pa. Ilẹ̀ tún ṣú, kò pa. A ti ṣí agolo náà nígbà òjò, a kò dé e dáadáa, ọ̀rinrin sì ti wọ inú rẹ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi pupa ẹyin adìyẹ sísè bọ́ ọmọ ẹja nìyẹn. Omi bàjẹ́, ọ̀pọ̀ kú, àwọn tó lágbára sì ń bu àwọn tí kò lágbára jẹ. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ èyí, kí ohun tó ṣe wá má bàa ṣe ẹlòmíràn.

Kí ni Artemia?

Artemia jẹ́ ẹ̀dá kékeré kan tó jọ edé, tó ń gbé inú omi iyọ̀. Bó bá dàgbà tán, gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Omi tó ń gbé máa ń níyọ̀ débi pé ẹja kò lè gbé ibẹ̀, ohun tó sì ń dáàbò bò ó nìyẹn. Nígbà tí omi bá ń gbẹ, tàbí tí iyọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù, ìyá rẹ̀ máa ń yé ẹyin tí èèpo rẹ̀ le, tí ọmọ inú rẹ̀ sùn. Ẹyin yìí dà bí àgbàdo gbígbẹ tí a tọ́jú fún ọjọ́ òjò. Tó bá ti gbẹ dáadáa, tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kò sì dé ibẹ̀, ó lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá wá rí omi, ooru, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́, á jí.

Púpọ̀ nínú ẹyin tí wọ́n ń tà nínú agolo káàkiri ayé wá láti adágún omi iyọ̀ ńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ìyẹn Great Salt Lake. Ẹyin náà máa ń léfòó sójú omi, wọ́n á kó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á dì í. Ní ọdún 1933, Seale ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọmọ Artemia dára fún bíbọ́ ọmọ ẹja. Ní ọdún 1939, Rollefsen ní Norway náà sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí pé láti òkè òkun ló ti ń wá, owó dọ́là ló ń sọ iye tí a ó rà á níbí. Ẹni tó bá fi ṣòfò, owó ńlá ló fi ṣòfò.

Kí ló dé tí kì í fi í ṣe oúnjẹ gbígbẹ?

Tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ dáadáa, ẹyin ẹja àrọ̀ máa ń pa láàárín wákàtí 24 sí 36. Ọmọ ẹja á gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá láti inú ẹyin, lábẹ́ ikùn rẹ̀. Oúnjẹ yẹn ló máa jẹ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá tán, ebi dé. Ní àkókò yẹn, ẹnu rẹ̀ kéré, inú rẹ̀ kò sì tíì gbó tó láti lọ oúnjẹ gbígbẹ dáadáa. Ọmọ Artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò ju bí ìdajì mìlímítà lọ, ara rẹ̀ rọ̀, ó ń rìn nínú omi, ọmọ ẹja á sì lé e. Bákan náà ló rí fún àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú gíláàsì. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ tiwọn.

Ẹ dán ẹyin wò kí ẹ tó gún ìyá ẹja

Ohun tí a kò ṣe nígbà yẹn nìyí, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gún ìyá ẹja, ẹ bu omi iyọ̀ díẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ funfun kan. Ẹ ka ẹyin 100 sínú rẹ̀ pẹ̀lú orí abẹ́rẹ́ tí ẹ rẹ sómi. Ẹ gbé e sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí iná sì ń tàn sí. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ka iye tí kò tíì pa. Bí 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá pa, agolo yín dára. Bó bá jẹ́ 30 ló pa, ẹ ti mọ̀ nígbà tí àyè ṣì wà láti ra òmíràn.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára agolo, ẹ sì wò ó bóyá ìdérí rẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe dì í. Èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá láti inú agolo tó ti pẹ́ ní ṣíṣí, ẹ kò lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Tí ẹ bá ṣí tiyín, ẹ pín in sínú ìgò kékeré gbígbẹ mélòó kan, ẹ dé wọn pinpin, ẹ kó wọn sínú fíríìjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa ṣí.

Bí a ṣe ń pa á

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: ike omi lítà 1.5 kan, iyọ̀, síkéèlì kékeré, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, gílóòbù kan, àti aṣọ asẹ́ ògì tí ojú rẹ̀ wẹ́ dáadáa. Ẹ gé ìdí ike náà kúrò, ẹ dé ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹ wá dojú rẹ̀ kọlẹ̀ nínú ìkòkò tàbí garawa kékeré kó lè dúró. Ẹnu rẹ̀ tó tín-ín-rín á wà nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé òwúrọ̀ Àlàmísì ni ọmọ ẹja máa kọ́kọ́ jẹun. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ọjọ́ Àlàrùbá ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ bu omi lítà 1 sínú ike. Omi kànga tàbí bọ̀húùlù dára. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kẹ́míkà pa kòkòrò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó.

2. Ẹ wọn iyọ̀ gíráàmù 30 sí i, ẹ rò ó títí á fi yòrò. Iyọ̀ lásán ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n po èròjà ọbẹ̀ mọ́. Ìwọ̀nba báékìn sódà tí ẹ fi ìka méjì mú lè ràn án lọ́wọ́, torí Artemia kò fẹ́ omi tó kan.

3. Ẹ ti rọ́bà afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Afẹ́fẹ́ náà gbọ́dọ̀ le débi pé ẹyin kankan kò ní jókòó sísàlẹ̀.

4. Ẹ da ẹyin gíráàmù 1 sí i. Gíráàmù 1 yìí lè ní tó ẹyin 200,000 sí 300,000 nínú, nítorí náà ẹ má fojú kéré rẹ̀. Kó má ju gíráàmù 2 lọ nínú lítà kan.

5. Ẹ tan gílóòbù sí i nítòsí. Ooru tó fẹ́ jẹ́ ìwọ̀n 26 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà ọyẹ́, òru Ìbàdàn máa ń tutù. Ẹ fi aṣọ wé ìdí garawa, ẹ sì jẹ́ kí gílóòbù sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kó má kan omi, kó má sì kan aṣọ.

Lẹ́yìn bíi wákàtí 24, ẹ máa rí i pé omi tó dúdú bíi kọfí ti pọ́n bí ọsàn. Wọ́n ti pa nìyẹn. Bí òtútù bá mú, ó lè tó wákàtí 36.

Bí a ṣe ń yọ èèpo kúrò

Ẹ pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú 10. Èèpo á léfòó sókè, ẹyin tí kò pa á rì sísàlẹ̀ pátápátá, àwọn ọmọ tó pọ́n bí ọsàn á sì kóra jọ lókè wọn díẹ̀. Ẹ fi nǹkan dúdú bo òkè ike, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀, torí wọ́n máa ń lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ wá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa àwọn ọmọ náà sórí aṣọ asẹ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọn kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan wọ́n lórí aṣọ náà, kí iyọ̀ má bàa wọ ọpọ́n ọmọ ẹja.

Ẹ má fojú kékeré wo èèpo. Ọmọ ẹja tó bá gbé e mì kò lè lọ̀ ọ́, ó sì lè dí i nínú. Nítorí èyí, àwọn kan máa ń fi bílíìṣì, èyí tí a ń pè ní jíìkì, bó èèpo kúrò kí ẹyin tó pa. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹyin sínú omi lásán fún wákàtí kan, wọ́n á wá da bílíìṣì tútù sí i, wọ́n á máa rò ó. Ẹyin á kúrò ní àwọ̀ igi, á di eérú, á wá pọ́n bí ọsàn. Bó bá ti pọ́n, kíá ni wọ́n á dà á sórí aṣọ asẹ́, wọ́n á sì fi omi ṣàn án títí òórùn bílíìṣì á fi lọ. Bí ó bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, ọmọ inú ẹyin á kú. Àgbàlagbà ni kó ṣe èyí, níta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ má po bílíìṣì mọ́ fínígà tàbí ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láé, torí atẹ́gùn tó máa jáde lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ẹni tí kò bá ní ìgboyà rẹ̀, kó fi í sílẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ti tó.

Fífún wọn jẹ

Ọmọ Artemia kì í pẹ́ kú nínú omi tí kò níyọ̀, èyí tó bá sì kú á ba omi jẹ́. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́lẹ̀mọ́ ló dára. Ọ̀nà tó rọrùn fún wa ni pé a so ó mọ́ ìgbà tí a ń kírun: lẹ́yìn Àsùbáà, Àìlà, Aláásárì, Mọ̀gàríbì àti Ìṣáì, pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan ní ìyálẹ̀ta. Kò sí ẹni tó máa gbàgbé. Ẹ wo ikùn ọmọ ẹja dáadáa. Bó bá yó, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí ọsàn. Bí ikùn bá pọ́n, tí Artemia sì ṣì ń rìn kiri, ẹ dín in kù.

Wákàtí mélòó kan péré lẹ́yìn tí Artemia bá pa ni agbára oúnjẹ rẹ̀ pọ̀ jù, torí òun náà ń jẹ ohun tó wà lára rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá tíì lò, ẹ fi í sínú omi iyọ̀ mímọ́ nínú fíríìjì, kí ẹ sì lò ó tán lọ́jọ́ náà. Ẹ ní ike méjì, kí ẹ máa gbé ọ̀kan kalẹ̀ láràárọ̀.

Ẹ fún wọn ní Artemia nìkan fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í po oúnjẹ ẹja lúbúlúbú mọ́ ọn, ẹ máa fi kún oúnjẹ gbígbẹ lójoojúmọ́, ẹ máa dín Artemia kù. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á ti lè jẹ oúnjẹ gbígbẹ nìkan. Ìgbà yẹn náà ni kí ẹ máa ṣa àwọn tó ti tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ sọ́tọ̀, kí wọ́n má bàa jẹ àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ iná

Gbogbo ètò yìí, orí afẹ́fẹ́ ló dúró lé. Bí iná bá lọ lóru tí afẹ́fẹ́ sì dúró, ẹyin á jókòó sísàlẹ̀, àwọn tó ti pa náà á kú. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì kò wọ́n tó ohun tí ẹ máa pàdánù. Ẹ rà á kí ẹ tó ra agolo. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, bí gbogbo ilé bá ń lọ sí Àsàlátù ní ọjọ́ Sunday tàbí síbi ìgbéyàwó, kí ẹnì kan dúró sílé.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà bá yín dá sí i. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ ka ẹyin 100, tó sì rí i bí ohun tó dà bí iyanrìn ṣe di ẹ̀dá tó ń rìn lọ́jọ́ kejì, kò ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà míì, òun ló máa kọ́kọ́ rí i pé afẹ́fẹ́ ti dúró. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa. Àmín.