Ta Ló Dán Ayẹ̀wéwò Wò?

Ní Amẹ́ríkà, lọ́yà gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ kó tó ṣẹjọ́, dókítà gbọ́dọ̀ gbà á kó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ṣùgbọ́n ayẹ̀wéwò, ẹni tí yóò sọ fún kóòtù pé olóògbé kọ́ ló fọwọ́ sí ìwé ìhágún, ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ kò bi í ní ìwé àṣẹ kankan.

Àlàfo yìí ni American Board of Forensic Document Examiners ń gbìyànjú láti dí láti ọdún 1977. Ẹgbẹ́ aládàáni tó ń fún ayẹ̀wéwò ní ìwé ẹ̀rí ni, kò sì fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí wọn gbọ́dọ̀ ní oyè yunifásítì, kó sì ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì gbáko. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ìdánwò àkọsílẹ̀, yóò yẹ ìwé wò lójú iṣẹ́, yóò sì jókòó síwájú àwọn ọ̀gá tí yóò da ìbéèrè bò ó. Lójú tèmi, ti ìkẹyìn yìí ló jọ kóòtù jù. Lọ́dún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún ìwé ẹ̀rí náà gbà.

Ṣé ojú lásán kò wá tó ni? Ìwádìí tí Moshe Kam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1997 dáhùn. Nígbà tí ìwé méjì kò ti ọwọ́ ẹnì kan náà wá, ìdá 38.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ fi pè é ní ti ẹnì kan náà. Ti akọṣẹ́mọṣẹ́ jẹ́ 6.5.

Àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ náà ṣì ń ṣì í, kódà àwọn àgbà. Kí ìwé ìròyìn Stern ní Jámánì tó tẹ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Hitler jáde ní 1983, Ordway Hilton, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí ń ka ìwé rẹ̀, wà lára àwọn tó ní ọwọ́ Hitler ni. Ayédèrú ni, Konrad Kujau ló kọ ọ́. Ọwọ́ Kujau yìí kan náà ló kọ díẹ̀ lára àwọn ìwé tí wọ́n fi ṣe àfiwé! Kẹ́míkà tí ń mú ìwé funfun, tí wọn kò tíì máa lò láyé Hitler, ló tú àṣírí rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, abala 68 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gba ilé ẹjọ́ láàyè láti gbọ́ èrò ẹni tó ní ìmọ̀ àkànṣe nípa ọwọ́ ìkọ̀wé. Kò dárúkọ ìwé ẹ̀rí kankan. Abala 101 sì fàyè gba kí kóòtù fi ìfọwọ́sí méjì wéra, adájọ́ a sì máa fi ojú ara rẹ̀ ṣe é. Lọ́yà tó bá mọ iṣẹ́ Kam kò ní jẹ́ kí adájọ́ dá ṣe é.