Táyà ńlá fún jíìpù: Ibi tí a ti lè ṣọ́wó ná, àti ibi tí kò yẹ ká ti ṣahun

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ni àwọn àgbà wí. Àmọ́ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, nílùú Èkó, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní jíìpù ló ń wá táyà tó tóbi ju èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fi sí i. Kì í ṣe fáàrí nìkan. Ẹni tó bá mọ Malu Road, Mobil Road àti àwọn òpópónà inú Ajégúnlẹ̀ lásìkò òjò yóò mọ ohun tó fà á. Omi a bo kòtò mọ́lẹ̀, awakọ̀ kò ní mọ ibi tó jìn. Bí ikùn ọkọ̀ bá wálẹ̀ jù, yóò há sínú ẹrẹ̀, tàbí kí abẹ́ rẹ̀ gbá òkúta.

Ìdí tí ọ̀nà agbègbè náà fi ń tètè bàjẹ́ kò ṣàjèjì. Èbúté Àpápá wà níbẹ̀, èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí lọ́dún 1977 sì wà nítòsí. Tírélà tó ń kó kọ̀ǹténà àti táńkà tó ń gbé epo ń tẹ ọ̀nà náà tọ̀sán-tòru. Lóòótọ́, iṣẹ́ àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ ní Wharf Road lọ́dún 2017, ilé-iṣẹ́ Dangote sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá lọ́dún 2018. Àmọ́ títún ọ̀nà ńlá ṣe kò ní kí kòtò inú àdúgbò dí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó wà lóko pẹ̀lú. Jíìpù àtijọ́ ló ń kó kòkó àti iṣu jáde lọ́nà oko tí mọ́tò kékeré kò lè gbà, ọmọ tó wà l'Ékòó ló sì sábà máa ń bá bàbá rẹ̀ ra táyà ránṣẹ́ sílé. Ó yẹ kí ẹni tó ń rà á àti ẹni tí wọ́n ń rà á fún mọ ohun tí wọ́n ń fowó wọn rà.

Nọ́ńbà ara táyà

Kí ènìyàn tó náwó, kó kọ́kọ́ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú 265/70R16, tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Toyota 4Runner. 265 ni fífẹ̀ táyà náà ní mìlímítà. 70 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú ìdá 100 fífẹ̀ yẹn. 16 ni ìwọ̀n ríìmù tó ń wọ̀, ní íǹṣì. Bí a bá gbé táyà yìí dúró, ó ga tó mìlímítà 777. 265/75R16 ga tó 804, 285/75R16 sì ga tó 834.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìrò rẹ̀ nìyí: ìdajì ìyàtọ̀ náà péré ni ọkọ̀ fi ń ga sí i, nítorí pé àárín gbùngbùn táyà ni ọkọ̀ jókòó lé. Ẹni tó kúrò lórí 777 bọ́ sórí 804 jèrè nǹkan bíi mìlímítà 13, kò ju fífẹ̀ ọmọńdinrín ìka lọ. Ẹni tó lọ sórí 834 jèrè 28, kò pé fífẹ̀ ìka méjì.

Ohun tí 834 yẹn sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni kò kéré. Táyà lè máa ha mọ́gáàdì bí wọ́n bá yí sítíárìnì, ni wọ́n bá ní kí panẹbítà wá gé irin. Ó wúwo, ó ń jẹ epo, ọkọ̀ kì í sì í tètè dúró mọ́ bí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Aago tó ń ka eré pàápàá yóò máa parọ́: bó bá ń sọ 100, nǹkan bíi 107 ni ọkọ̀ ń sá.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo sókè ló bọ́gbọ́n mu, lórí ríìmù tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó tó sanwó mẹ́rin, kó ní kí wọ́n de méjì síwájú ná, kí ènìyàn jókòó kún inú ọkọ̀, kí wọ́n yí sítíárìnì dé òpin lápá òsì àti lápá ọ̀tún, kí wọ́n sì gun ibi tó ga díẹ̀. Bí ó bá ń ha, kí wọ́n tú u. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí pé táyà tí kò dọ́gba ń ba jíà jíìpù tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wakọ̀ jẹ́.

Kí a má sì ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi igi tàbí irin há abẹ́ sípíríǹgì láti gbé ọkọ̀ ga. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n gbé ga bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ dànù ní kọ́nà.

Ọjọ́ orí táyà

Ibi tí ewu gan-an wà ni táyà tòkunbọ̀. Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa lọ́dún 2007, Dunlop dáwọ́ iṣẹ́ dúró n'Íkẹjà lọ́dún 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni táyà ti ń wá. Ìjọba àpapọ̀ ti ka táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré àti jíìpù mọ́ ọjà tí kò gbọdọ̀ wọlé, síbẹ̀ ó kún ọjà.

Táyà ńlá tòkunbọ̀ ń wuni nítorí pé eyín rẹ̀ ṣì jìn. Àmọ́ rọ́bà ń gbó, bí wọn kò tiẹ̀ lò ó. Kí oníbàárà wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí, kó ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ 3219, ọ̀sẹ̀ 32 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọdún mẹ́rin ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń sọ pé kí táyà má kọjá. Kó tún wo bóyá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́, bóyá ó wú, tàbí bóyá ọ̀bẹ ni wọ́n fi la eyín tuntun sójú rẹ̀. Tuntun pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu: àjọ SON ti kìlọ̀ léraléra nípa táyà tí wọ́n kì sínú ara wọn kó lè pọ̀ nínú kọ̀ǹténà, èyí tó ń ṣẹ́ okùn irin etí táyà.

Ẹni tó ń kó ẹrù oko gbọ́dọ̀ wo nǹkan kan sí i. Nọ́ńbà bíi 112 tó tẹ̀lé ìwọ̀n táyà ń sọ ẹrù tó lè gbé: 112 jẹ́ kílò 1,120 lórí táyà kan. Kó má ṣe ra èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, James Ocholi, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ́nà Kàdúná sí Àbújá. Àjọ FRSC sọ pé táyà ọkọ̀ wọn ló bẹ́. Bí táyà bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ mínísítà, kí ni yóò ṣe sí jíìpù tí a fi tòkunbọ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá sí lẹ́sẹ̀?

Nítorí náà, bí owó kò bá tó ra táyà ńlá tuntun mẹ́rin, tuntun tó bá ìwọ̀n ọkọ̀ mu sàn ju ńlá tó ti gbó lọ. Mìlímítà 13 kò tó ohun tí à ń fi ẹ̀mí rà. Ẹni tó bá rọra wakọ̀ nínú omi yóò gòkè. Bí táyà bá sì há sínú ẹrẹ̀, ènìyàn lè pe ọmọ àdúgbò kó bá òun tì í. Bó bá bẹ́ lórí eré, kò sí ẹni tí a ó pè.