Àìná àti Omi Òkun

Ẹ súnmọ́ iná, ọyẹ́ ti dé. Ẹni tó bá fẹ́ sun iṣu, kó sun tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n lè máa rí ojú yín.

Àwa ará Ìrè-Èkìtì kò mọ òkun. Ògún Onírè tí à ń bọ, inú ilẹ̀ ló wọ̀ sí. Omi ìyanu tó sún mọ́ wa jù ni ti Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn ń bu ún lọ sílé, wọ́n ní ó ń wo àrùn. Ṣùgbọ́n ti òkun ni mo ní lẹ́nu lálẹ́ yìí, torí ọmọ wa kan wà nínú ìtàn náà.

Nígbà kan, àwọn apẹja ló ni etí òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olówó kì í débẹ̀ lọ ṣe fàájì. Ìgbà tó di ọdún 1750, dókítà kan tó ń jẹ́ Richard Russell kọ ìwé pé omi òkun ń wo kókó ọrùn. Kò sì fi mọ sí wíwẹ̀ o! Ó ní kí aláìsàn máa mu ún, pẹ̀lú gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀. Ó kó lọ sí ìlú apẹja kan tí a mọ̀ sí Brighton lónìí, ó kọ́lé síbẹ̀, ni àwọn aláìsàn bá ń wọ́ tọ̀ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n á kan yàrá pákó kékeré lé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹṣin á wọ́ ọ wọnú òkun. Aláìsàn á bọ́ṣọ nínú rẹ̀. Bó bá fi máa ṣílẹ̀kùn, obìnrin alágbára kan ti dúró nínú omi dè é. Á gbá a mú, á rì í mọ́lẹ̀ pátápátá, á fà á yọ, á tún rì í. Òtútù omi yẹn ju ti odò wa lọ jìnnà, òtútù náà gan-an ni wọ́n sì ń wá: wọ́n gbà pé bó bá ti mú ara jí gìrì, àìsàn á sá. Nígbà tí orí George Kẹta, ọba wọn, dàrú tó sì padà balẹ̀, Weymouth létí òkun ló lọ ní 1789. Bí kábíyèsí ṣe rì sínú omi, ni àwọn onílù bú sórin! Ní 1791, wọ́n dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ ní Margate fún àwọn aláìní London. Ìta gbangba ni wọ́n ń tẹ́ ibùsùn àwọn aláìsàn sí níbẹ̀ kí atẹ́gùn òkun lè fẹ́ sí wọn.

Àìná, ọmọ wa tí mo ní ó wà nínú ìtàn yìí ńkọ́? Òkè-Ọdàn, nílẹ̀ Ẹ̀gbádò, ni wọ́n bí i sí. Ọmọdé ni nígbà tí ogun Dàhòmì kó wọn ní 1848, wọ́n sì pa àwọn òbí rẹ̀. Gezo, ọba Dàhòmì, fẹ́ fi òun náà rúbọ. Ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, tó wá sí ààfin lọ́dún 1850, ló bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi yọ̀ǹda ọmọ náà fún un. Orúkọ tirẹ̀ àti ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin Victoria gbà á tọ́. Kò pẹ́ tí ikọ́ fi dé, wọ́n ní òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a lára mu, ni wọ́n bá gbé e lọ sí Freetown ní 1851. Ó padà lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́rin. Ní Brighton yẹn kan náà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862, ló fẹ́ James Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró.

Wọ́n wá sí Èkó, wọ́n bímọ mẹ́ta. Ikọ́ náà kò sùn. Ikọ́ ife ni. Láyé ìgbà yẹn, erékùṣù Madeira, tí í ṣe ti Pọtogí, ni àwọn dókítà ń darí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sí, torí òtútù ibẹ̀ kò pọ̀, atẹ́gùn òkun sì yí i ká. Ibẹ̀ ni Àìná lọ. Funchal ló kú sí, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1880, ìgbéyàwó rẹ̀ pé ọdún méjìdínlógún ó lé ọjọ́ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Victoria, ọmọ rẹ̀ àgbà, ń lọ kí Ọbabìnrin ní Osborne, ààfin etí òkun ti Ọbabìnrin fúnra rẹ̀, nígbà tí ìròyìn ikú ìyá rẹ̀ kàn án.

Ó dùn mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìsinmi, oúnjẹ tó dáa àti atẹ́gùn mímọ́ máa ń ran ara lọ́wọ́, n kò lè pe àwọn dókítà yẹn ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró kò bẹ̀rù iyọ̀. Ọdún 1882 ni Robert Koch, ará Jámánì, tó fi kòkòrò náà han aráyé. Oògùn àkọ́kọ́ tó ń pa á, ọdún 1943 ni wọ́n tó rí i, ní Amẹ́ríkà. Lónìí, oògùn rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba wa.

Davies mọ òpó òkúta kan ní ìrántí aya rẹ̀ sí Ìjọn, lẹ́bàá Èkó, níbi tó ti ń gbin kòkó, nígbà tí kòkó ṣì ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Láti oko bẹ́ẹ̀ ni kòkó ti gbilẹ̀ dé Agége. Agége sì ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin Èkìtì ti lọ ṣe lébìrà, kí wọ́n tó gbé èso kòkó padà wá sílé wá gbìn.