ÀMÌ TÓ Ń SỌ BÍ FỌ́TÒ ṢE BÀJẸ́ LÓJÚ Ọ̀NÀ

 

Láìpẹ́ yìí, oníbàárà mi kan dá léèsì márùn-ún padà. Ó ní kò jọ ti inú fọ́tò. Ṣé irọ́ ni mo pa ni? Rárá o. Fọ́tò náà ló ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá, ó ti bàjẹ́ lọ́nà. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, èmi ni mo san án. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Fọ́tò inú fóònù tóbi, nítorí náà wọ́n máa ń fún un pọ̀ kó lè yára rìn. Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni JPEG, tó jáde ní 1992. Á gé fọ́tò sí wẹ́wẹ́, kóró àwọ̀ 64 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á wá da àwọn ìlà tín-ín-rín tí ojú kì í tètè rí nù. Bí wọ́n bá fún un jù, ihò léèsì á dàrú mọ́ra. Èyí tó bá ti dànù kì í padà mọ́.

Báwo lẹni tí kò rí ojúlówó ṣe máa mọ̀? Ẹ jẹ́ ká fi tòmátì ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹni tó di ẹrù bá fi ẹyin 10 sáàárín apẹ̀rẹ̀, tó sì sọ fún yín, ẹ ó ka èyí tó fọ́, ẹ ó mọ ohun tí ọ̀nà fojú tòmátì rí.

Ẹyin yẹn ni watermark. Àmì tó fara sin ni, bíi èyí tí à ń rí bí a bá gbé owó 1,000 náírà síbi ìmọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà á fi í sínú fọ́tò kí wọ́n tó fún un pọ̀. Ẹni tó gbà á ti mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, á yọ ọ́ wò. Ká ní 95 pé nínú 100, fọ́tò ṣì dára. Bó bá jẹ́ 60, ó ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n. Bó bá le bí òkúta, kò ní fọ́, kò sì ní sọ nǹkan kan fún wa. Bó bá rọ̀ jù, ìfúnpọ̀ díẹ̀ á pa gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dán an wò lórí ọ̀pọ̀ fọ́tò kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Ẹyin kì í tún tòmátì ṣe o, ẹ̀rí ló ń jẹ́. Nítorí náà, ẹ fi fọ́tò aṣọ olówó ńlá ránṣẹ́ fúnra yín, ẹ sì gba ibi tí wọ́n kọ Document sí, kí wọ́n má bàa fún un pọ̀.

Ọjà á tà, a ò ní rí ìdápadà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́