Èédú Igi àti Èédú Ilẹ̀

Ẹni tí ó bá béèrè èédú ní Ọjọ́ta, èédú igi ni wọn yóò tà fún un. Orúkọ kan náà ni èyí tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ Ẹnúgu ní ọdún 1909 ń jẹ́. Imí-ọjọ́ inú èédú ilẹ̀ a máa di afẹ́fẹ́ tí ń ta ni lọ́fun. Ti igi kéré púpọ̀. Bí a bá sun wọ́n pọ̀, eérú igi, tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, a máa gba díẹ̀ nínú imí-ọjọ́ náà mọ́ra. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ apani tí kò lóòórùn ń ti ara méjèèjì jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́ pé èédú a máa ta ni lọ́fun lè gbé iná èédú igi sínú yàrá láìfura. Kí ìwé ẹ̀kọ́ máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ tirẹ̀.