Ṣé O Mọ̀? Òkú Ń Jẹ́rìí, Lọ́yà Ló Yẹ Kó Mọ Ìbéèrè Tí Yóò Bi Í

Ṣé o mọ̀ pé ọdún kan náà, 1962, ni Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní òfin àti ìṣègùn? Àwọn olófin wà ní Akọ́kà, nítòsí Yábàá. Àwọn oníṣègùn wà ní Ìdí-Àràbà, níbi tí Mushin àti Sùúrùlérè ti fẹnu kora. Ọ̀nà wọn ò jìn síra. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òfin lè fi ọdún márùn-ún kàwé, kó gboyè, láì fẹsẹ̀ tẹ mọ́ṣúárì rí. Lọ́jọ́ tó bá dé kóòtù, tí dókítà ń ka èsì àyẹ̀wò òkú, kí ni yóò bi í?

Ṣé o mọ̀ pé adájọ́ ló kọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó pẹ́ jù lọ lórí bí a ṣe ń yẹ òkú wò? Song Ci lorúkọ rẹ̀, ará Ṣáínà, ọdún 1247 ló kọ ọ́. Ìtàn kan wà nínú rẹ̀: wọ́n fi dòjé ṣá ọkùnrin kan pa. Olùwádìí ní kí gbogbo ará abúlé kó dòjé wọn jáde, kí wọ́n tò ó sílẹ̀. Eṣinṣin bo ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tó ni ín ti nù ún mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n eṣinṣin gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ tí ojú èèyàn ò rí. Ọkùnrin náà jẹ́wọ́.

Kì í ṣe Ṣáínà nìkan: láti 1807 ni Yunifásítì Edinburgh, ní Skọ́tíláǹdì, ti ní ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn fún ìdájọ́.

Ṣé o mọ̀ pé èèyàn lè jẹ̀bi ìpànìyàn láì sí òkú? Orí ilẹ̀ wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1953, wọ́n pa Ààfáà Bisiriyu Apalara, oníwàásù, ní Èbúté-Mẹ́tta. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò rí òkú rẹ̀. Agbẹjọ́rò tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á rò pé ẹjọ́ ti parí, pé níbi tí kò bá ti sí òkú, kò sí apànìyàn. Kóòtù ò gbà. Àwọn ẹ̀rí yòókù lágbára débi pé wọ́n dá àwọn olùjẹ́jọ́ lẹ́bi, Kóòtù Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1954. Ẹjọ́ Ogundipe ni àwọn lọ́yà ń pè é. Lójú tèmi, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba Èbúté-Mẹ́tta kọjá lọ sí kíláàsì ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ìwà ọ̀daràn (Criminal Code) ti Nàìjíríà, ní abala 314, fi gbèdéke sí ikú? Bí wọ́n bá ṣe èèyàn léṣe, tí kò kú láàárín ọdún kan àti ọjọ́ kan, a ò lè ka ikú náà sí ẹni tó ṣe é léṣe lọ́rùn. Nítorí náà, ọjọ́ tí èèyàn kú, àti ohun tó pa á gan-an, yálà ọgbẹ́ ni tàbí àìsàn mìíràn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà nìkan.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú ẹbí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ṣé o mọ̀ pé bí ọkàn bá ti dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ á rọra ṣàn lọ sí apá ìsàlẹ̀ ara? Ẹni tó bá kú sórí ẹ̀yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n, á dúdú, bí ẹni tí wọ́n fi pàṣán nà. Àwọn tó fẹ́ wẹ òkú á rí i, wọ́n á figbe ta: "Wọ́n lù ú pa ni!" Ìyàwó á di afura-sí, àna á di ọ̀tá, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló rọ̀ sílẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí àmì yìí ní àyà àti ikùn òkú tó dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn, ìbéèrè wà níbẹ̀: ta ló yí i padà? Lọ́yà tí kò mọ̀yàtọ̀ á pàdánù ẹjọ́ tó yẹ kó jàre, tàbí kó rán aláìṣẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Òkú máa ń gan kó tó tún rọ̀, dókítà sì máa ń fi èyí díwọ̀n ìgbà tí èèyàn kú. Ooru Èkó máa ń mú kó yára ju bó ṣe wà nínú ìwé tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ òtútù lọ. Ẹ má fi wákàtí òyìnbó ka ikú Mushin.

Ṣé o mọ̀ pé òkú tó ti ń jẹrà lè "mu ọtí"? Kòkòrò àìfojúrí inú ara ló ń pọn ọtí náà. Bí wọ́n bá bá ọtí nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ tí wọ́n rí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn nìkan ò sọ pé ó mutí wakọ̀. Fọ́málínì tí wọ́n ń fa sí òkú lára kó má bàa bàjẹ́ náà lè ba ẹ̀rí májèlé jẹ́. Bí ikú bá mú ìfura lọ́wọ́, kí ẹbí sọ pé kí wọ́n má tíì fa abẹ́rẹ́ kankan.

Àpẹẹrẹ òkú tí wọ́n pẹ́ jù kí wọ́n tó yẹ̀ wò kò jìnnà. MohBad, olórin, kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, wọ́n hú u fún àyẹ̀wò. Dókítà wá sọ fún adájọ́ tó ń wádìí ikú náà pé ara ti jẹrà débi tí òun ò fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ló pa á.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ Gánà kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi DNA yanjú, lọ́dún 1985? Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Alec Jeffreys fi í hàn pé obìnrin tó pè ní ìyá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ló bí i lóòótọ́, wọ́n sì jẹ́ kó wọlé. Nígbà tí wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, ẹni tó ti jẹ́wọ́ ni ó kọ́kọ́ dá láre. Ẹ fi sọ́kàn nígbàkigbà tí ọlọ́pàá bá ní afura-sí ti jẹ́wọ́. Ìjọba Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA tirẹ̀ lọ́dún 2017. Wọ́n bà á jẹ́ nínú rúkèrúdò oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í sì í ṣe ti òkú nìkan. Ní Sábó, Yábàá, àjọ WARIF, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni kì í ní ọgbẹ́ kankan lára, torí ẹ̀rù lè mú kí ara dì, kí ẹnu má lè ké. Àìsí ọgbẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó gbà. Lọ́yà tó bá dìde ní kóòtù tó ń bi ọmọbìnrin pé "Àpá rẹ dà?" ń fi àìmọ̀kan rẹ̀ ni ẹlòmíràn lára.

Ìwọ tó ń kọ́ òfin ní Akọ́kà, wọ ọkọ̀ dé Ojúẹlẹ́gba, kí o wọ Ìdí-Àràbà. Ní kí olùkọ́ rẹ bá yín bá àwọn dókítà ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ kí o tó gba wíìgì.